Mo Fi Owó Ra Omi Lọ sí Ìlú Omi

Ẹ má rín mi o. Igo omi mẹ́ta ni mo rù wọ Gujo Hachiman, ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè Gifu ní Jàpáànù. 160 yen ni mo ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oòrùn oṣù kẹjọ ń mú hánhán, ọkọ̀ ojú irin tó gbé wa ń rá pálá, kò sì gba káàdì. Níwájú awakọ̀ ni mo ti ń ṣa owó wẹ́wẹ́, tí gbogbo èrò ń wò mí. Inú ti ń bí mi kí n tó sọ̀kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n omi inú gọ́tà ìlú náà mọ́ gaara, ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀. Gọ́tà o! Iná ló jó wọn ní 1652 tí wọ́n fi la ojú omi káàkiri, kí omi pípaná má baà jìnnà.

Mo dé ibi mizubune, ọpọ́n omi tí wọ́n tò léra bí àtẹ̀gùn. Omi ìsun ń dà sínú ti òkè, tó bá kún, á ṣàn sí ti ìsàlẹ̀. Áìsìkiriìmù ti yọ́ sí mi lọ́wọ́, ni mo bá ki ọwọ́ méjèèjì bọ ti òkè pátápátá.

Màmá àgbà kan jáde. Kò pariwo. Ó di ọwọ́ mi mú, ó gbé e sọ̀kalẹ̀ sínú ọpọ́n kejì, ó wá fi ife bu omi ti òkè fún mi. Àṣé mímu ni ti òkè, fífọ ẹ̀fọ́ àti abọ́ ni ti ìsàlẹ̀. Hóró ìrẹsì tó bá ṣàn lọ, ẹja ń dúró dè é níwájú. "Ẹ má bínú, mà," ni mo sọ, orúnkún mi ti kanlẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín títí. Omi yẹn tutù débi pé ó ta mí léyín.

Mo jẹ ayu, ẹja odò tí wọ́n fi iyọ̀ pa lára, tí wọ́n yan lórí igi. Owó rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ, síbẹ̀ mo jẹ ẹ́ teegun-teegun. Àwọn ọmọdé ń bẹ́ láti orí afárá sínú odò Yoshida, bíi mítà 12 sísàlẹ̀. Èmi ò dán an wò.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, owó wẹ́wẹ́ àti igo òfìfo ni kẹ́ ẹ mú dání. Omi olówó tèmi, mo dà á sídìí òdòdó, mo sì lọ pọn ti Sogisui, ìsun tí ìjọba wọn kà mọ́ 100 omi àtàtà ní 1985. Igo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún, kọ́bọ̀ kan ò jáde lápò mi.