Mẹ́sàn-án ni mo ń tẹ̀ láràárọ̀

Ní Sátidé tó kọjá, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá rọ́gbì lọ́nà Òkè-Baálẹ̀, mo ń wo ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gbá a. Ọ̀kan nínú yín jáde nínú scrum, níbi tí èèyàn mẹ́jọ ti ń fi èjìká ti èèyàn mẹ́jọ nítorí bọ́ọ̀lù, ó ń gbọn apá ọ̀tún bí ẹni tí omi gbígbóná ta sí lára, ó di ìkúùkù, ó tú u. Kóòṣì bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Kò sí wàhálà, sà." Mo mọ apá yẹn. Èmi náà ti gbọ̀n ọ́n rí.

Ó pẹ́ tí ẹ ti ń sọ pé, "Bọ̀dá, ẹ kọ ohun tí ẹ kọ́ ní ọdún mẹ́fà tí ẹ fi rọ́gbì jẹun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún wa." Ó dáa. Mẹ́ta ni mo ní lọ́kàn. N ò ní sọ ìdí tí a fi ń ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn tàbí ìdí tí try, gbígbé bọ́ọ̀lù lélẹ̀ lẹ́yìn ìlà alátakò, fi jẹ́ àmì 5. Ẹ mọ ìyẹn.

Àkọ́kọ́: kíláàbù kì í ṣe ilé baba ẹni, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ tóbi tó. Ọdún 1995 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fàyè gbà wá láti máa gba owó iṣẹ́ nínú eré yìí, gbèsè sì ti gbé àwọn àgbà lọ. Kíláàbù Wasps tó gba ife Yúróòpù ní 2004 àti 2007, gbèsè gbé e ṣánlẹ̀ ní 2022. Worcester lọ lọ́dún kan náà, London Irish tẹ̀ lé wọn ní 2023. Ẹnu gbogbo yín, Maro Itoje, Maro Itoje, ìlúmọ̀ọ́ká òṣèré rọ́gbì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lóòótọ́, ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí rẹ̀, ó sì dúró ti kíláàbù rẹ̀, Saracens, nígbà tí wọ́n já wọn sí ìpele kejì ní 2020 nítorí owó oṣù tó kọjá òfin. Ó lè dúró. Irú tirẹ̀, kíláàbù ló ń bẹ̀ ẹ́. Èmi àti ẹ̀yin, àwa là ń bẹ kíláàbù.

Èkejì, ìwé àdéhùn.

Prop nọ́ńbà 3 ni mí, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wà ní ìlà iwájú scrum. Nọ́ńbà 1 ní èjìká kan tó wà ní gbangba. Nọ́ńbà 3, orí ẹni méjì ló há tirẹ̀ sáàárín, èèyàn mẹ́jọ sì ń tì bọ̀ látòdìkejì. Kò wu ọ̀pọ̀ èèyàn, òun ló jẹ́ kí ọ̀nà là fún ọmọ Òṣogbo tí kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù rọ́gbì títí ó fi pé ọmọ ọdún 19.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2015, ìwé mi ku oṣù mẹ́fà. Nínú scrum kan níbi ìdánrawò, nǹkan kan ta láti ọrùn mi dé ọwọ́ bíi kí iná mànàmáná gbé èèyàn. Ó lọ. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá. Láràárọ̀ kí a tó wọ pápá, wọ́n máa ń gbé ẹ̀rọ kan bíi fóònù ńlá síwájú wa: báwo ni oorun? Báwo ni orúnkún? Báwo ni ọrùn? Láti 1 dé 10. Ìka ìfábẹ̀lá ọ̀tún ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Mẹ́sàn-án. N kì í tẹ 10 kí wọ́n má baà fura. Mo rò pé ọgbọ́n nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko.

Kóòṣì ti fẹnu sọ fún mi pé ọdún méjì mìíràn ń bọ̀. Mo ti ná owó náà lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń bá mi wo ilẹ̀ lọ́nà Ìkìrun.

Oṣù Kejì, òjò ń rọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún nọ́ńbà 3 ni kó di alátakò mú, kó má jábọ́. Rẹfirí pariwo: "Crouch! Bind! Set!" Mo rí ọwọ́ mi lára aṣọ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n n ò lè sọ bóyá ó dì í mú. Scrum wó. Fèrè. Àwọn alátakò gba pẹ́nárítì, wọ́n gbá a wọlé, àmì 3. Ẹ̀ẹ̀kejì, bákan náà. Ẹ̀ẹ̀kẹta, yẹ́lò káàdì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí àga nínú òtútù. Àmì 4 ni wọ́n fi nà wá. Ẹ ṣírò ó fúnra yín.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní agbára scrum mi ti tán, kò sí ìwé tuntun. Ìgbà yẹn ni mo tó jẹ́wọ́. Wọ́n ya àwòrán ọrùn mi: ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun karùn-ún àti ìkẹfà ti yọ síta, ó tẹ iṣan ìmọ̀lára mọ́lẹ̀. Mo sáré wá ìwé àdéhùn tí n ò kà tán rí láti ọjọ́ tí mo ti fọwọ́ sí i. Ojú ìwé keje: òṣèré tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, tó sì sọ ọ́ lásìkò, kíláàbù á tọ́jú rẹ̀, á sì san owó oṣù rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ìwé rẹ̀ ìbáà ti parí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ò bá mi jiyàn. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó yí ojú rẹ̀ sí mi. 9. 9. 9. 9. Ẹnu ọ̀fórò ní ń pa ọ̀fórò. Tèmi, ìka ni.

Inú ṣì ń bí mi sí wọn, n ò ní purọ́. Ẹni tó ń fọwọ́ ra wá lára ní kíláàbù rí i pé ọwọ́ òsì ni mo fi ń gbé ife tíì. Ó rí i, ó gbójú kúrò. Nọ́ńbà 3 kejì wọn ti fara pa, Sátidé sì ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n tẹ 9, kò sì sẹ́ni tó ní kí n má tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá dìde lẹ́yìn tí ẹ ṣubú, wọ́n á pè yín ní akọni, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ọ̀fẹ́ sì ni àtẹ́wọ́ jẹ́ fún wọn. Títí di òní, bí mo bá bu òkèlè àmàlà, àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá mi ò mọ̀ pé ó gbóná. Ìyàwó mi ló máa ń kígbe.

Ẹ̀kẹta ti bọ́ lórí mi. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni.

Ìwọ tí o gbọn apá ní Sátidé, o mọ ara rẹ. Mo pe kóòṣì rẹ lálẹ́ àná, mo sọ ohun tí mo rí fún un. Ó ní o ò ní wọ scrum mọ́ títí dókítà á fi yẹ ọrùn rẹ wò. Bí a bá pàdé ní oríta Ọláìyá, tí o ò kí mi, n ò ní bínú.