Ẹ̀yin àbúrò tó ń wọṣẹ́ ilé títà ní Philadelphia, ẹ wo olùrà kí ẹ tó wo owó

Ẹ̀yin àbúrò mi, bí onílé bá gbé ìwé àdéhùn wá bá yín, ẹ má tíì béèrè iye tí wọ́n fẹ́ san. Orúkọ olùrà ni èmi kọ́kọ́ máa ń wò. Tí mo bá rí “and/or assigns” (ìyẹn ni pé olùrà lè gbé àdéhùn náà fún ẹlòmíì) lẹ́yìn orúkọ náà, mo ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wholesaler.

Wholesaler kì í sábà ra ilé. Àdéhùn ló ń tà. Ká ní ó fọwọ́ sí 90,000 dọ́là pẹ̀lú màmá àgbà kan, tó wá gbé àdéhùn náà fún oníṣòwò ní 130,000. 40,000 ti wọ àpò rẹ̀ nìyẹn, màmá ò sì mọ̀. Tí kò bá rí ẹni gbé e fún ńkọ́? Á yẹra, nígbà tí màmá ti di ẹrù tán. (Púpọ̀ nínú pátákó “We Buy Houses” tó wà lára òpó iná, iṣẹ́ wọn ni.)

Illinois ti fi òfin dè wọ́n láti 2019. Ní Pennsylvania tiwa níbí, òfin tí wọ́n ń pè ní Act 52 ti ọdún 2024 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2025: wọ́n gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì, onílé sì lè fagi lé àdéhùn títí di agogo 12 òru ọjọ́ 30 lẹ́yìn tó fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n tí ilé bá ti yí ọwọ́ padà kó tó di ọjọ́ náà, ẹ̀tọ́ yẹn ti parí. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń fura sí ẹni tó bá ń kánjú pé ká parí ọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ jẹ́ kí onílé fi ìwé fagi lé e, kì í ṣe ẹnu lásán, kó sì tọ́jú ẹ̀rí pé ó dé ọwọ́ wọn.

Ìyẹn nìkan ò tó o. Àwọn wholesaler mìíràn máa ń fi àkọsílẹ̀ àdéhùn sínú ìwé tí ìjọba ìlú fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ilé, tí ẹlòmíì ò fi ní rí ilé náà rà. Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ̀ka Records, níbi tí ìjọba ìlú ń kó ìwé wọ̀nyẹn sí. Tó bá wà níbẹ̀, lọ́yà ni yóò bá wọn yọ ọ́. Onílé tó ti pé 60 ọdún lè lọ sí SeniorLAW Center, àwọn lọ́yà tó ń ran àgbàlagbà lọ́wọ́. Wọn kì í gbowó.