Ọtí kíkan, òwú àti ìṣẹ́jú kan
Níbi àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ lówùúrọ̀ yìí, ìyá kan bèèrè pé: "Dókítà, ṣé ọtí kíkan inú sàláàdì náà lẹ fẹ́ fi wá jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ?" Òun kúkú ni, Mà, ìwọ̀n rẹ̀ ló ṣe pàtàkì: ìdá 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí omi bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò ní fi nǹkan kan hàn. Òwú la fi ń pa á sí ọrùn ilé-ọmọ, a ó wá dúró fún ìṣẹ́jú 1 gbáko. Ibí gan-an ni wọ́n ti sábà ń bà á jẹ́: wọ́n á kánjú wò ó, tàbí kí iná tọ́ọ̀ṣì ti rẹ̀. Ojú ibi tó bá funfun báláú, tí etí rẹ̀ hàn kedere, ló ń fẹ́ ìtọ́jú. Ìyẹn ò ní kó ti di jẹjẹrẹ o.

Ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù, kó padà wá tó bá parí. Àwọn ìyá tí kò ṣe é mọ́ nítorí ọjọ́ orí, àyẹ̀wò HPV, ìyẹn kòkòrò àrùn tó ń fa jẹjẹrẹ yìí, ló dáa fún wọn, torí ibi tá a fẹ́ wò sábà máa ń ti wọnú lọ. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀? Ẹ má dúró de àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ kankan, ilé ìwòsàn ńlá tààrà ni.

Àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ńkọ́? Abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV kan ṣoṣo, ọ̀fẹ́ ni ní Nàìjíríà látọdún 2023. Kì í sọni di àgàn.