Àga Tí Kì Í Ṣe fún Ìjókòó

Wọ́n ti lé mi dìde lórí àga o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kì í ṣe àga ọba, kì í ṣe ti bíṣọ́ọ̀bù. Àga onígi, ẹsẹ̀ mẹ́rin, ẹ̀yìn kan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni, níbi iṣẹ́. A ti ń já ẹrù láti ìdájí, okùn bàtà mi tú, mo bá fi ìdí lé àga tó sún mọ́ mi jù kí n lè so ó. N kò tíì ta kókó tán tí ọ̀gá wa, ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́tàlá jù lọ, fi ké láti ìkángun gbọ̀ngàn lọ́hùn-ún pé, "Dìde níbẹ̀! Àga yẹn kì í ṣe fún ìjókòó!"

Mo dìde. Mo bẹ ọ̀gá, ó kù díẹ̀ kí n bẹ àga pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí mi láti ọjọ́ náà. Ọmọ káfíńtà ni mí. Inú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni mo ti kọ́ ìrìn, èérún pákó ni mo kọ́kọ́ fi ṣeré. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa àga ni pé ìdí ló ni ín. Tí wọn ò bá ṣe é fún ìjókòó, kí ni wọ́n ṣe é fún? Ká máa kí i?

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Milan níbí kò ju pé ká já àga látinú ọkọ̀, ká tú u nínú páálí, ká tò ó síbi tí wọ́n bá ní ká tò ó sí. Ọdún kẹsàn-án rèé. Ìlú yìí, àga ló ń sìn. Láti 1961 ni wọ́n ti ń ṣe àfihàn ńlá tí wọ́n ń pè ní Salone del Mobile. Ní Rho, lẹ́yìn ìlú, ló ti ń wáyé báyìí, lóṣù kẹrin. Lọ́sẹ̀ náà, ẹ kò ní í rí hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ kò ní í rí takisí. Ẹni tó wọ aṣọ dúdú látòkè délẹ̀ á tò sórí ìlà fún wákàtí kan kó lè wọlé wo àga. Tó bá wọlé tán, á káwọ́ sẹ́yìn, á yí i po, á mi orí, á sì bọ́ síta. Kò jókòó o. Èmi tí mo gbé e wọlé ni ìdí mi kàn án, wọ́n sì lé mi.

Mo máa ń fi wọ́n ṣẹ̀sín, mi ò ní parọ́. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, wọ́n ní kí n lọ gbé àga kan wá. Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé ọlọ, àga náà ti dé àyà mi kí n tó mọ̀ pé kò wúwo. Superleggera ni wọ́n ń pè é. Gio Ponti ló ya àwòrán rẹ̀, ilé iṣẹ́ Cassina ló gbé e jáde ní 1957. Kílò 1.7 ni gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta, mìlímítà 18 péré. Ìka kan lèèyàn lè fi gbé e. Àga bàbá mi ńkọ́? Èèyàn méjì ló ń gbé ìyẹn, ẹnì kẹta á máa pàṣẹ. Ìrókò ni. Tí olè bá wọlé, á kó gbogbo nǹkan, á fi àga sílẹ̀ nítorí ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo dojú Superleggera náà délẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Àwa ọmọ káfíńtà, abẹ́ àga la máa ń kọ́kọ́ wò, bí dókítà ṣe ń wo ahọ́n. Mo fi èékánná wá ibi tí igi ti wọ inú igi. Èékánná mi kò rí ibi kọ́. Mo rántí ohùn bàbá mi: "Ìṣó ni ẹ̀bẹ̀ ẹni tí kò gé ihò rẹ̀ dáadáa." Ọjọ́ náà ni mo dín ẹ̀sín kù. Díẹ̀ ṣá.

Ibi tí mo máa ń sá lọ tí wọ́n bá fún wa ní ìsinmi ni SaloneSatellite. Obìnrin kan tó wá láti Venezuela, Marva Griffin, ló dá a sílẹ̀ ní 1998 fún àwọn tó ń ya àwòrán àga àti ohun èlò ilé tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé 35. Inú àfihàn ńlá náà ló wà, àyè kéékèèké. Kò sẹ́ni tó ń lé èèyàn dìde níbẹ̀, ńṣe ni wọ́n á fà ẹ́ lọ́wọ́: "Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó!" Púpọ̀ nínú wọn ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan ohun tó gbé wá, báńdéèjì wà ní àtàǹpàkò ẹlòmíràn. Ọmọkùnrin kan bi mí bí àga òun ṣe rí lára mi. Mo ní ẹ̀yìn rẹ̀ ti nà jù, kó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó yọ pẹ́ńsùlù létí, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Pẹ́ńsùlù létí! Mo yára wá nǹkan mìíràn wò.

Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ilé iṣẹ́ ńlá kan rí ẹyọ kan tí wọ́n gbé wá, kó gbà á, kó máa ṣe é tà, kó sì máa fún wọn ní ìdá kékeré lórí èyíkéyìí tó bá tà. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé ẹyọ kan náà padà sílé nínú páálí. Àwa la máa ń bá wọn di páálí náà.

Ní 2022, àrùn Kòrónà ti sún àfihàn náà dé oṣù kẹfà. Mò ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù kọjá nígbà tí mo rí orúkọ kan lára ògiri: Lani Adeoye. Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀, ojú mi ló fi àmì sí i. Mo dúró gbagidi. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn fi kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ gbá mi ní gìgísẹ̀. Adeoye ló gba ipò kìíní nínú ìdíje SaloneSatellite lọ́dún náà. Kí ló sì gbé wá? RemX, ohun tí àgbàlagbà fi ń ti ara rẹ̀ rìn, tó rò jáde látinú ìtọ́jú bàbá rẹ̀ àgbà. Èyí tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn, a mọ bó ṣe rí, àfi bí irin tí wọ́n já lára bẹ́ẹ̀dì. Èyí tí obìnrin yìí ṣe, o lè gbé e sí pálọ̀, kí àlejò má tilẹ̀ mọ̀ pé ara ẹnì kan kò yá.

Mo mú fóònù kí n pe bàbá mi. Mo ti tẹ nọ́ńbà náà dé ìdajì.

Ọdún tó ṣáájú ni bàbá mi kú. Ìwé àṣẹ ìgbélùú mi ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é nígbà náà. Tí mo bá jáde, n kò ní lè wọlé mọ́. Ojú fóònù ni mo ti wo ìsìnkú. Ọmọ iṣẹ́ wọn ló kan pósí. Ọwọ́ ẹni tó mú fóònù ń gbọ̀n, àwòrán ń dúró, ó tún ń lọ, ṣùgbọ́n mo rí i: igun kan lápá ẹsẹ̀ kò pàdé. Bàbá ì bá wà níbẹ̀, wọn ì bá ní kó tú u, kó tún un kàn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ti pa ohùn àwa tá a wà lórí fóònù nítorí ariwo.

Ọkùnrin tó kan bẹ́ńṣì fún ilé ìwé, fún ilé ìjọsìn, fún ilé àwọn tó jẹ wọ́n lówó títí dòní. Nígbà tí wọ́n ní ká kọ iṣẹ́ bàbá wa sínú fọ́ọ̀mù ní sẹ́kọ́ńdìrì, "oníṣòwò" ni mo kọ. Bàbá fúnra wọn ni wọ́n máa buwọ́ lù ú. Wọ́n kà á, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n buwọ́ lù ú.

Láti ìgbà Adeoye yẹn ni mo ti ń ka orúkọ kí n tó wo àga. Nifemi Marcus-Bello wà, Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní àpótí ìjókòó kan, LM Stool, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀; ilé iṣẹ́ tó ń ṣe páànù tí wọ́n fi ń bo jẹnẹrétọ̀ ló bá a ṣe é. Ẹ̀yin náà mọ jẹnẹrétọ̀. Ẹ wá wo nǹkan tó ti ibẹ̀ jáde tí kò pariwo! Jomo Tariku, ọmọ Ethiopia tó ń gbé Amẹ́ríkà, fúnra rẹ̀ jókòó, ó ka iṣẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń tà: nínú 4,417, 14 péré ló jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka iye yẹn. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Mélòó nínú 4,417 yẹn ni ọwọ́ yìí ti gbé?

Síbẹ̀, mo ti rò pé ilé nìkan ni orúkọ káfíńtà ti ń sọnù, àfìgbà tá a lọ kó ẹrù ní Brianza, lápá àríwá Milan, níbi tí àwọn káfíńtà pọ̀ sí. Bàbá arúgbó kan ń fọwọ́ pa apá àga bí ẹni ń pa orí ọmọ. Bàbá náà ní ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tóun ti ń ṣe é. Mo bi wọ́n pé èwo ló ní orúkọ yín lára nínú gbogbo ìwọ̀nyí? Ẹ̀rín pa bàbá. Wọ́n yí abẹ́ àga sí mi: orúkọ ẹni tó ya àwòrán rẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń tà á. Wọ́n wá na ọwọ́ òsì, ìka mẹ́rin ló wà níbẹ̀. "Èyí tí kò sí yẹn ni mo fi buwọ́ lù ú."

Bóyá ohun tí mo ṣe fẹ́ràn àwọn ọmọ Satellite nìyẹn. Ẹni tó yà á ló kàn án, orúkọ kan náà ló tó fún méjèèjì. Kí wọ́n tó di olókìkí, kí wọ́n tó máa gba ẹlòmíràn síṣẹ́, kí àga wọn náà tó di èyí tí wọ́n ń lé èèyàn lórí rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo pe àbúrò mi obìnrin. Mo ní kó bá mi dojú àga bàbá tó wà ní pálọ̀ délẹ̀, kó ya abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

"Bọ̀dá mi, ṣé kò sí o?"

Mo ní kò sí.

"Màmá ni wọ́n wà lórí ẹ̀."

Mo gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́yìn: "Kí ló ní?" Ó ṣàlàyé fún wọn. Ìyá mi ní, "Sọ fún un pé mo jókòó."

Ta ló máa lé ìyẹn dìde? Ó di ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n jáde, kí àwòrán tó dé. Eruku, òwú aláǹtakùn, ojú ayùn. Ọfà kan tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù fà, 17½ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ kan ní lẹ́tà ńlá: IWAJU. Kò sí orúkọ. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù títí gbogbo rẹ̀ fi di kùrukùru. Ìrù J náà ká sókè bí ìwọ̀ ẹja, bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nínú orúkọ mi.