Ìwé gbèsè tó wà lábẹ́ kúlà oúnjẹ

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àyẹ̀wò owó, mo gbọ́ pé oníbàárà kan ti wá bá yín lórí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ rà, inú yín sì ń dùn ṣìnkìn. Kò burú. Inú tèmi náà dùn nígbà tí irú ẹ̀ kàn mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ fún yín, kẹ́ ẹ má bàa fẹsẹ̀ kọ níbi tí mo ti fẹsẹ̀ kọ.

Dùgbẹ̀ ni ọ́fíìsì wa wà nígbà yẹn. Téèyàn bá dìde lórí àga mi, Cocoa House ló máa kọ́kọ́ rí lójú fèrèsé. Oníbàárà wa fẹ́ ra ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan nílùú tí kò jìnnà sí Ìbàdàn, ẹgbẹ́ tó ń gbá nínú líìgì kékeré, àmọ́ tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Òun nìkan kọ́ ló ń dù ú. Àwọn méjì mìíràn wà nídìí ẹ̀, ẹni tó fẹ́ tà á sì dá ọjọ́ kan fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti mú iye tí wọ́n máa san wá nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa. Èmi ni wọ́n kó fáìlì fún. Kí n sọ ohun tí ẹgbẹ́ náà ní, kí n sọ ohun tó jẹ.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi ka àwọn ìwé yẹn, wọ́n sì mọ́ tónítóní. Oṣù kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé owó oṣù tirẹ̀, gbogbo agbábọ́ọ̀lù ló buwọ́ lù ú. Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn mi pé ẹgbẹ́ náà kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó oṣù. Ìlà kan péré ni, àmọ́ orí ìlà yẹn ni oníbàárà wa dúró lé tó fi kọ iye tó ga ju ti àwọn méjì tó kù. Ohun tó wà níwájú mi tí mi ò rí ni pé bírò aláwọ̀ búlúù kan náà ni wọ́n fi buwọ́ lu oṣù mẹ́fà, létòlétò, láìsí ẹyọ ẹnì kan tó lo bírò dúdú.

Oníbàárà wa ni wọ́n mú nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó ń tà fún wa ní ọjọ́ 21 láti bá òun sọ̀rọ̀ láìsí pé ó ń bá ẹlòmíràn dúnàá dúrà. Ọjọ́ tí lẹ́tà yẹn dé ni ọ̀gá wa pè mí wọlé.

"O ti débẹ̀?"

"Rárá, Mà. Gbogbo ìwé wọn ló wà lọ́dọ̀ wa."

"Ṣé ìwé ni wọ́n fẹ́ rà?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọkọ̀ ní Ìwó Road. Àwọn ọmọ náà ti ń parí ìdánrawò nígbà tí mo fi dé pápá wọn. Ìyá kan ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún mi. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gba oúnjẹ, mi ò sì rí ẹni tó mú owó jáde. Bí ẹnì kan bá ti gba àwo tán, ìyá á nu ọwọ́ sí ìró, á fa ìwé kan yọ lábẹ́ kúlà, á sì fi pẹ́ńsù fa ìlà kan sí i. Irú ìwé tọ́mọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń lò ni, epo ti rin ín dé àárín. Kò sí orúkọ nínú ẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ wọn ni màmá fi mọ̀ wọ́n: 4, 7, 10, 19. Níbi tí ẹnì kan bá ti kúrò tí ẹlòmíràn gba nọ́ńbà ẹ̀, ó yí òdo ká nọ́ńbà náà, ó tún un bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀.

Mo kí màmá, mo béèrè ìdí tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Wọn ò tíì sanwó fún wọn ni, ọmọ mi. Ó ti tó oṣù mẹ́fà. Ṣé kébi wá máa pa wọ́n ni?" Wọ́n wo bàtà mi, wọ́n wo báàgì tí mo gbé kọ́ apá. "Wọ́n ní àwọn kan ń bọ̀ wá ra kílọ́ọ̀bù. Tí wọ́n bá rà á tán, ta ni kí n gbé ìwé yìí fún?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Aṣọ́lé wọn ló tú iṣu désàlẹ̀ ìkòkò fún mi. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n kó wọn jọ pé kí wọ́n buwọ́ lu oṣù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, pé àwọn olùrà fẹ́ rí ìwé tó pé, pé wíwá àwọn olùrà ló máa jẹ́ kówó jáde. Nírọ̀lẹ́, mo tún gbọ́ pé pápá tí wọ́n ń lò kì í ṣe ti ẹgbẹ́ rárá. Ilẹ̀ ẹbí ni, wọ́n háyà rẹ̀ ni, ọdún tó ń bọ̀ sì ni àdéhùn náà máa parí. Nínú fáìlì tí wọ́n fún wa, "pápá ìdánrawò" wà lára ohun ìní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilé tí wọ́n ń tà ní Bódìjà tàbí ní Òkè-Àdó, ẹ má fojú ilé wo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ẹni tó ra ẹgbẹ́ ra orúkọ, ó ra àyè nínú líìgì, ó ra àdéhùn tó wà láàárín ẹgbẹ́ àti àwọn agbábọ́ọ̀lù, líìgì sì lè kọ̀ ọ́ pé àwọn ò fẹ́ ẹ. Gbèsè kì í bá ẹni tó tà á lọ sílé. Kódà téèyàn bá tú ẹgbẹ́ ká tó sì fi orúkọ tuntun gbé e dìde, òfin ìbáwí FIFA tọdún 2019 sọ ọ́ kedere pé ẹgbẹ́ tó bá jogún ti tẹ́lẹ̀ lè jogún gbèsè rẹ̀. Lóṣù Kejìlá ọdún 2018, wọ́n ta Bury, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1885, ní pọ́n-ùn 1 péré. Ẹ ò ní rí ohun tó pọ́n-ùn 1 ní pọ́ọ́kú, àmọ́ gbèsè ló wà lábẹ́ ẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 2019, wọ́n ti lé ẹgbẹ́ náà kúrò nínú líìgì.

Ẹ wo ti Chelsea náà. Roman Abramovich, ará Rọ́ṣíà tó ni í nígbà náà, kéde ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2022 pé òun máa tà á. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní rẹ̀, wọ́n sì fún ẹgbẹ́ náà níwèé àṣẹ láti máa gbá bọ́ọ̀lù lọ, èyí tó máa parí lọ́jọ́ 31 oṣù Karùn-ún. Ilé iṣẹ́ Raine ló ń darí títà rẹ̀. Ẹbí Ricketts, àwọn tó ni Chicago Cubs, ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó dé ìpele ìkẹyìn, àmọ́ àwọn alátìlẹ́yìn Chelsea kọ̀ wọ́n lójú ayé, wọ́n sì fà sẹ́yìn lóṣù Kẹrin. Jim Ratcliffe, olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, gbé bílíọ̀nù 4.25 pọ́n-ùn wá. Ẹ ṣírò ohun tí Todd Boehly àti ilé iṣẹ́ olùdókòwò Clearlake gbé kalẹ̀: bílíọ̀nù 2.5 láti rà á, bílíọ̀nù 1.75 tí wọ́n ṣèlérí láti ná sórí ẹgbẹ́. Iye kan náà ni. Ratcliffe dé lẹ́yìn tí wọ́n ti tilẹ̀kùn ni. Ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ni Boehly àti Clearlake parí ríra rẹ̀, ó ku ọjọ́ kan kí ìwé àṣẹ tó kú.

Ohun tó wú mi lórí nípa Ratcliffe ni ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí ẹbí Glazer ní àwọn lè ta Manchester United, Sheikh Jassim ti Qatar fẹ́ gbogbo rẹ̀ pátá. Ratcliffe rí i pé ọkàn gbogbo ẹbí yẹn ò tíì kúrò níbẹ̀. Ó yí ọ̀rọ̀ padà, ó ní òun á ra ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n fẹnu kò lọ́jọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ẹ máa béèrè ohun tí ẹni tó ń tà fẹ́ tà gan-an, kẹ́ ẹ tó gbé kálíkúlétọ̀ jáde.

Ní Ìbàdàn níbí, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún wa láti lóye. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni Shooting Stars, ṣùgbọ́n ẹ dé pápá ìṣeré Adámásingbà lọ́jọ́ tí wọ́n bá pàdánù, ẹ wá bi àwọn tó ń jáde pé ta ló ni í. Láti ọdún 1976 tí wọ́n na Tonnerre ti Yaoundé gba ife African Cup Winners' Cup, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún ẹgbẹ́ Nàìjíríà, ni wọ́n ti ní i. Leventis United náà wà nílùú yìí rí. Ilé iṣẹ́ aládàáni ló dá a sílẹ̀, ó gba líìgì lọ́dún 1986, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ilé iṣẹ́ náà jáwọ́ tí ẹgbẹ́ tú ká. Mo máa ń rántí ìyẹn bí olùrà kan bá ń ṣèlérí ọdún mẹ́wàá fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ti wa. Mo pe ọ̀gá láti ẹnu ọ̀nà pápá. Mo rò pé wọ́n á jágbe mọ́ mi. Wọ́n ní kí n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kí n má fi nǹkan kan pamọ́ fún oníbàárà, pẹ̀lú ìlà tí èmi fúnra mi kọ ní àṣìṣe. Èmi ni mo ka ìlà yẹn fún un, lójú gbogbo èèyàn. Ó dùn mí dọ́kàn. Oníbàárà gé iye rẹ̀ wálẹ̀, ó sì ní kí lọ́yà dì lára owó náà mú títí wọ́n á fi san gbèsè tán. Inú bí ẹni tó ń tà, ó yí sọ́dọ̀ olùrà kejì lẹ́yìn ọjọ́ 21. Ìyẹn ò rí ìwé báǹkì tó fi hàn pé owó wà mú wá. Ẹni tó ń tà padà sọ́dọ̀ wa.

Alẹ́ ọjọ́ tá a tò gbogbo gbèsè, lọ́yà ẹni tó ń tà ní ká yọ ti màmá olóńjẹ kúrò torí kò sí rìsíìtì. Ọ̀gá wa ṣí ẹ̀dà ìwé tí mo yà lójú ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé e síwájú ẹ̀, wọ́n ní kó ka nọ́ńbà aṣọ àwọn ọmọ náà sókè, kó sì fi wé orúkọ tó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ líìgì. Ó kà á dé nọ́ńbà 19. Ló bá mú bírò, ó kọ ọ́ sí ìlà kejìlá fúnra ẹ̀: "Ìyá olóńjẹ, ẹnu ọ̀nà pápá."