Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu ìwádìí lúkúlúkú ní Zaria

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìwádìí lúkúlúkú, àrùn adìyẹ tí ìwé ń pè ní Newcastle, mo mọ̀ pé láàbù ló ń wu ọ̀pọ̀ nínú yín. Aṣọ funfun, ìbọ̀wọ́, ẹ̀rọ tó ń kùn. Kò burú. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń pẹ́ sí i lẹ́nu iṣẹ́ yìí ló túbọ̀ ń dá mi lójú pé ẹ̀jẹ̀ adìyẹ tí a kò mọ ìtàn rẹ̀, omi pupa lásán ni.

Ẹ wò ó báyìí. Adìyẹ tó gba àjẹsára àti èyí tí àrùn bá jà tí kò pa, ọ̀kan náà ni ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì ń sọ nínú ìdánwò HI tí gbogbo wa ń ṣe, èyí tó ń wò bóyá sóójà ara (antibody) wà tó lè dá fáírọ́ọ̀sì lẹ́kun kó má mú ẹ̀jẹ̀ pupa dì pọ̀. Tó bá ti dé 1/16 (ìpín kan ẹ̀jẹ̀ nínú mẹ́rìndínlógún), ẹ ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé sóójà ara wà níbẹ̀. Kí ló gbé sóójà náà dìde, àjẹsára ni àbí àrùn? Ẹni tó ni adìyẹ nìkan ló lè sọ. Ẹ má sì bi í pé "ṣé ẹ fún wọn ní àjẹsára?" Àjẹsára I-2 tí ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe fún adìyẹ ìbílẹ̀, ojú ni wọ́n ń kán an sí, kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, abẹ́rẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí àjẹsára. Ohun tí ẹ máa bèèrè ni pé, "Ṣé ẹnikẹ́ni ti wá kán nǹkan sójú adìyẹ yín rí?" Ẹ ó rí bí ìdáhùn ṣe máa yí padà.

Ní abúlé tó yí Zaria ká, obìnrin ló sábà ń ni adìyẹ, inú ilé ló sì wà. Ọkùnrin àlejò kò lè kan wọ ibẹ̀. Bàbá onílé á jókòó síwájú yín lórí ẹní, á dáhùn gbogbo ìbéèrè yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀dí ọ̀rọ̀. Ẹ mú obìnrin tó gbọ́ Hausa dáadáa dání, kì í ṣe láti gbé kúlà o, òun gan-an ni kó wọlé lọ bèèrè ọ̀rọ̀.

Ọjà ní tirẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sáré lọ síbẹ̀ torí pé adìyẹ pọ̀, ìrìn kò sì jìnnà. Màmá kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta adìyẹ ní Sabon Gari, ló là mí lójú: "Dókítà, ẹni tí adìyẹ ẹ̀ bá ti ń ṣu àwọ̀ ewé, ṣé á jókòó tì í ni? Ọjà ló ń gbé e bọ̀." Òótọ́ ni. Bí àrùn bá ti wọlé, wọ́n á yára kó àwọn tó kù wá tà, inú àgò kan náà ni adìyẹ, ẹtù àti pẹ́pẹ́yẹ sì máa ń wà. Pẹ́pẹ́yẹ lè gbé fáírọ́ọ̀sì yìí kiri láìṣàìsàn rárá. Nítorí náà, ọjà dára fún ẹni tó ń wá fáírọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi iye tó rí lọ́jà kọ̀wé nípa abúlé, èmi kò ní bá a fọwọ́ sí i.

Ká wá wọ láàbù. Tí sóójà ara bá ti di fáírọ́ọ̀sì mú, ẹ̀jẹ̀ pupa tí ẹ dà sínú àwo á rọ̀ sílẹ̀, á kó jọ róbótó sí ìdí kòtò. Tí kò bá sí, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ dá àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ wò ó. Ojúlówó máa ń ṣàn wálẹ̀ bí omijé, bákan náà pẹ̀lú kòtò tí ẹ̀jẹ̀ nìkan wà nínú rẹ̀. Èyí tí kò bá ṣàn, ẹ má kà á. Ìwé ní kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 40 nínú yàrá tó wà ní nǹkan bí 20°C. Yàrá ta ló wà ní 20°C ní Zaria lóṣù kẹrin, nígbà tí NEPA ti múná lọ? Ẹ gbé e sí fíríìjì ní 4°C fún wákàtí kan. Ìwé kan náà ló fàyè gbà á, ọ̀pọ̀ ni kì í kà á débẹ̀.

Ti ẹyin tí a ń fi fáírọ́ọ̀sì sí kó lè pọ̀, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀: ọmọ inú ẹyin tó bá kú kí wákàtí 24 tó pé, ìdọ̀tí tàbí ọwọ́ líle ló sábà ń pa á. Tí omi ẹyin bá sì mú ẹ̀jẹ̀ pupa dì pọ̀, kò tíì di lúkúlúkú. Bird flu náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kódà lójú lásán, àwọn méjèèjì jọra: ikú òjijì, orí wíwú, ìgbẹ́ gbuuru. Jaji, lójú ọ̀nà Kaduna tí à ń gbà lójoojúmọ́ yìí, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fìdí H5N1, irú bird flu kan, múlẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà, lóṣù kejì ọdún 2006. Ó tún padà wọ Nàìjíríà lọ́dún 2015. Tí adìyẹ bá ń kú rẹpẹtẹ, ẹ má là á ní àgbàlá ẹnikẹ́ni, ẹ wọ ìbòmú, kẹ́ ẹ sì fi tó ìjọba létí.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi Hausa máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ni lúkúlúkú ti wá, torí agbègbè Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, láàárín 1952 sí 1953. Mo máa ń sọ fún wọn pé ọyẹ́ tiwọn ló ń bọ́ ọ yó.

Ẹ dá èsì padà fún àwọn tó ni adìyẹ. Wọn ò ní bèèrè genotype (ẹ̀yà) fáírọ́ọ̀sì lọ́wọ́ yín. Ìgbà wo ni kí àwọn kán oògùn náà ni wọ́n máa bèèrè. Ẹ sọ fún wọn pé kí ọyẹ́ tó dé ni, ẹ̀kán kan péré sójú, kí wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Tó bá jẹ́ LaSota, àjẹsára tí wọ́n ń pò mọ́ omi mímu, ni wọ́n ń lò, omi kànga ni kí wọ́n fi pò ó, torí kẹ́míkà inú omi ẹ̀rọ ń pa àjẹsára náà.