Irin rọ́ọ̀dù tí kò pé: ta ló jẹ̀bi?

Kí bíríkìlà tó da kọnkéré, ẹ gé mítà kan lára irin rọ́ọ̀dù 12mm tí ẹ rà, kí ẹ gbé e sórí ìwọ̀n. Ó yẹ kó súnmọ́ 0.888 kìlógíráàmù dáadáa. Bó bá jẹ́ 0.62, 10mm ni wọ́n tà fún yín, nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 irin tó yẹ kó gbé dẹ́kì dúró ni kò sí níbẹ̀. Ẹ̀mí èèyàn ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí o.

Òfin ààbò oníbàárà ọdún 2018 ní Nàìjíríà sọ pé bí ọjà tó lábùkù bá ba nǹkan jẹ́, ẹni tó tà á gbọ́dọ̀ dáhùn fún un. "Bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá nìyẹn" kò tó láti yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀rí ló sábà máa ń sọnù. Kí ontajà kọ "12mm", iye rẹ̀ àti orúkọ ilé iṣẹ́ sórí rìsíìtì; "irin" lásán kò ràn yín lọ́wọ́. Ẹ ya fọ́tò àmì ara irin, kí ẹ tọ́jú èyí tí ẹ gé. Tí kọnkéré bá ti bò ó, ẹjọ́ náà ti le. Ẹ tètè kọ̀wé sí ontajà, kí ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, àti SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí bí ọjà ṣe dára tó.